Wọ́n Tún Ti Kọ̀wé O!

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará oko, ẹ̀yin Ànàgó tó wà káàkiri Abidjan, láti Treichville dé Adjamé títí wá dé Niangon níbí, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti ń dùn mí bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, mi ò sì ní pa á mọ́ra di ìgbà tí n óò fẹ̀yìn tì, nítorí ohun tí mo ń bínú sí gan-an nìyẹn.

Àwọn tó ti ṣèjọba rí ni mo bá lẹ́jọ́. Ẹni tó ṣe olórí orílẹ̀-èdè, ẹni tó ṣe mínísítà, ẹni tó ń gbẹnu sọ fún ààrẹ, ẹni tó ń gba ẹ̀yìnkùlé gbé àpò owó wọlé. Nígbà tí wọ́n wà lórí àga, tí ẹ bá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, wọn á ní àṣírí ìjọba ni, àwọn ti búra. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kúrò níbẹ̀ ná, kí wọ́n sinmi díẹ̀, kí àwọn tí wọ́n jọ ṣe é ti kú tán. Ẹ ó kàn gbọ́ ni pé wọ́n tún ti kọ̀wé o! Ìwé ńlá, ẹlẹ́yìn líle, fọ́tò wọn níwájú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n ní àwọn ò lè sọ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń tà á fún wa.

Àgádágodo ni mò ń tà, àti ìṣó, àti irin tí wọ́n fi ń so ilẹ̀kùn, lẹ́bàá ọjà ní Niangon ní Yopougon, níbi tí àwọn ọmọ ọkọ̀ gbàká ti ń figbe pe èrò Adjamé láti ìdájí. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún mi nípa kí nǹkan tì. Èyí tó lágbára jù nínú ọjà mi, tí wọ́n bá fi òòlù gbá a dáadáa, á já. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn èèyàn wọ̀nyí, òòlù ò ṣí i, ẹkún ìyá ọlọ́mọ ò ṣí i, ilé ẹjọ́ ò ṣí i. Owó ìwé nìkan ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Lọ́jọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, mo tò sórí ìlà ní Èjìgbò, ìlú wa l'Ọ́ṣun, mo dìbò fún MKO Abíọ́lá tó ń du ipò ààrẹ Nàìjíríà. Oòrùn pa mí, mo sì farada á, torí pé inú mi dùn. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù yẹn kan náà, wọ́n ní àwọn ti fagi lé e. Ọ̀gágun Ibrahim Babangida tó wà lórí oyè gbéra lóṣù kẹjọ, ó gba Minna lọ, ó jókòó. Ó jókòó títí. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Oputa, tí ìjọba Ọbásanjọ́ gbé kalẹ̀ láti wádìí ìwà ìkà ayé àwọn ológun, ránṣẹ́ pè é. Kò yọjú, ilé ẹjọ́ ló gbà lọ. Àwọn oníròyìn bi í títí ó fi sú wọn. Bàbá ń rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ ń hàn.

Ó wá di ogúnjọ́ oṣù kejì ọdún 2025. Wọ́n pé jọ sí òtẹ́ẹ̀lì ńlá ní Abuja. Ààrẹ Tinubu wà níbẹ̀, Ọbásanjọ́ wà níbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ló sọ ohun tó wà nínú ìwé náà fún àwùjọ. A Journey in Service ni wọ́n pè é. Kí ni bàbá wí? Ó ní Abíọ́lá ló wọlé. Ó ní ìbò rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 8. Bàbá, a mọ̀! Ọmọ tí wọn ò tíì bí lọ́dún náà mọ̀! Àwọn ọmọ mi tí wọ́n bí sí Yopougon, tí wọn ò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà rí, mọ̀!

Ibi tó ti wá dùn mí wọ eegun ni ti ẹni tó fagi lé ìbò náà. Bàbá ní òun wà ní Katsina lọ́jọ́ tí ìkéde jáde, pé ṣe ni òun gbọ́ pé Nduka Irabor, akọ̀wé ìròyìn igbákejì òun, ti ka nǹkan kan láti inú bébà tí kò ní èdìdì ìjọba, pé wọn ò gbàṣẹ lọ́wọ́ òun. Ó ní àwọn Ọ̀gágun Sani Abacha ló wà nídìí rẹ̀. Abacha ti kú láti 1998, ẹ mọ̀ pé òkú kì í kọ̀wé fèsì. Ẹ bá mi rò ó. Olórí ìjọba ológun, tó ní ọkọ̀ òfurufú, tó ní rédíò, tó ní ọmọ ogun, ẹnì kan ka bébà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì lè jáde lọ́jọ́ kejì kó ní irọ́ ni, èmi ò rán ẹnikẹ́ni? Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà, òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ sórí afẹ́fẹ́ tó ń ṣàlàyé fún wa ìdí tó fi yẹ kí wọ́n fagi lé e! Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Kí n má purọ́ mọ́ ọn ṣá, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ni olórí, pé orí òun ni ẹrù rẹ̀ wà. Ẹrù wà lórí, owó sì wà nílẹ̀: lọ́jọ́ kan ṣoṣo náà, àwọn olówó ṣèlérí owó tó lé ní bílíọ̀nù 17 náírà fún ilé ìkàwé tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ kọ́.

Wọ́n yìnbọn pa Kudirat, ìyàwó Abíọ́lá, ní Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996. Ọkọ rẹ̀ kú sí àtìmọ́lé ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1998. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀mí ni ì bá gbà là ní 1993, owó ló wá gbà ní 2025.

Òun nìkan kọ́ ló kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí o. Omo Omoruyi, tí Babangida fi ṣe ọ̀gá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní ìjọba tiwa-n-tiwa, kọ tirẹ̀ ní 1999. Humphrey Nwosu tó jẹ́ alága àjọ elétò ìdìbò panu mọ́ fún ọdún 15, ó tó kọ tirẹ̀ ní 2008. Mo ti gbọ́ tọ̀tún, mo ti gbọ́ tòsì, mi ò rí ẹni tó ní èmi ni mo ṣe é. Ìgbà gbogbo ni ọ̀daràn wà nínú yàrá kejì. Tí ẹ bá kó gbogbo ìwé wọn jọ síwájú, ohun tí ẹ ó rí dì mú ni pé ìbò yẹn fúnra rẹ̀ ló dìde lóru, tó lọ fagi lé ara rẹ̀.

Àwọn kan á ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí kò mì fún odidi ọdún 32, ó ti kan. Kí ló dé tí wọ́n tún ń bù ú tà?

Èmi náà kúkú rà á. Ẹ má bi mí pé kí ló dé; ẹni tí nǹkan ń dùn kì í gbọ́ràn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ló bá mi rà á ní Ìbàdàn, tó gbé e wọ ọkọ̀ Èjìgbò. Bodè mẹ́rin ló wà láàárín wa: ẹ ó wọ Benin, ẹ ó wọ Togo, ẹ ó wọ Ghana, kí ẹ tó wọ Côte d'Ivoire. Ọ̀kan nínú wọn, mi ò ní sọ èyí tó jẹ́, ọ̀gá kan tú àpò ọmọ náà, ó fa ìwé yọ.

“Kí lèyí?”

“Ìwé ni, ọ̀gá.”

“Ìwé kí ni?”

“Ìtàn ayé olórí Nàìjíríà àtijọ́ kan ni, ọ̀gá.”

Ọ̀gá wo fọ́tò náà títí. “Ṣé olówó ni?”

“Olówó ni, ọ̀gá.”

“Ìwọ tó o ra ìwé olówó, ìwọ náà lówó. Mú nǹkan wá.”

Bí mo ṣe san owó ìbò mi lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ìgbà tí ìwé fi máa dé Niangon, owó tó ti jẹ tó èyí tí èmi àti gbogbo ilé mi ì bá fi jẹ attiéké àti ẹja tí a ó fi yó dáadáa. Mo jókòó síwájú ìsọ̀, mo ń kà á, mo ń mí kanlẹ̀. Ìyá Ìbejì gbé ọbẹ̀ wá, ó dúró, ó ń wò mí.

“Bàbá Ìbejì, ṣé wọ́n kọ ibi tí wọ́n kó owó epo sí síbẹ̀?”

Mo ní rárá.

“Ṣé wọ́n ní wọn á dá nǹkan kan padà fẹ́nikẹ́ni?”

Mo ní rárá.

“Kí ló wá wà nínú ẹ̀?”

Mo ní bàbá sọ pé ó dun òun.

Ó gbé ọbẹ̀ kalẹ̀. “Ó dun òun? Ẹ kú ìnáwó o.” Ó bá tiẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ní owó kù díẹ̀ káàtó, orúkọ ìwé yẹn ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìbò yẹn ló lé mi dé ibí? Ọdún 1994 ni mo bá àwọn ará ilé wọkọ̀. Ẹni tó mọ Èjìgbò mọ̀ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ àti ti Abidjan ti wọnú ara wọn tipẹ́; ẹ ó gbọ́ Faransé lójú pópó bí ẹni pé ẹ wà ní Treichville. Mo ní kí n lọ fara pamọ́ fún ọ̀rọ̀ ìjọba. Oṣù kìíní ọdún tí mo dé náà ni wọ́n gé agbára owó sẹ́fà sí ìdajì. Kò pẹ́ kò jìnnà, ológun gbàjọba ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1999, Kérésìmesì ku ọ̀la. Henri Konan Bédié tí wọ́n lé lọ, ọdún yẹn kan náà ni ìwé tirẹ̀ jáde, Les chemins de ma vie, àwọn ọ̀nà tí ó ti tọ̀ láyé. Mo yìn ín fún ohun kan: orí àga ló wà tó fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀nà tó kà sílẹ̀, ọ̀nà Lomé ò sí níbẹ̀, èyí tó gbà lọ kí ọdún náà tó parí.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ lóṣù kẹsàn-án ọdún 2002. Guillaume Soro tó ṣíwájú àwọn ọlọ̀tẹ̀ kọ̀wé ní 2005 láti ṣàlàyé ìdí tí òun fi di ọlọ̀tẹ̀. Charles Blé Goudé, tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ dà sí ìgboro fún Ààrẹ Laurent Gbagbo, kọ tirẹ̀ ní 2006. Àwọn méjèèjì ti ṣe olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan náà rí, FESCI, ọ̀kan gbà á lọ́wọ́ èkejì. Soro dé ipò olórí ìjọba, Blé Goudé di mínísítà. Wọ́n kàwé, wọ́n sì tún kọ̀wé fún ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún wọn: ojú ewé wo ni ìsọ̀ mi wà?

Nítorí nígbà tí ìbò ọdún 2010 tún dá ìjà sílẹ̀, Yopougon wa níbí ni ìbọn ti dún pẹ́ jù. Wọ́n mú Gbagbo ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2011, àwa ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọ inú oṣù karùn-ún. Èèyàn bíi 3,000 ló bá rògbòdìyàn náà lọ káàkiri orílẹ̀-èdè. Èmi ò kú, ìsọ̀ mi ló kú. Àwọn kan já àgádágodo ẹnu ọ̀nà, wọ́n wọlé, wọ́n kó gbogbo àgádágodo lọ. Olè tó ń jí àgádágodo, kí ló fẹ́ tì? Mi ò mọ̀ wọ́n, mi ò sì mọ ẹni tó rán wọn. Gbagbo wà látìmọ́lé ní The Hague nígbà tí ìwé tó bá akọ̀ròyìn kan kọ jáde ní 2014. Ilé ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé dá òun àti Blé Goudé sílẹ̀ ní 2019, ó padà wálé ní 2021, àdúgbò mi jó títí. Èmi náà jó, kò kúkú sẹ́ni tó bi mí pé ìhà ta ni mo wà.

Yorùbá ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ti ayé ìsinsìnyí ti yàtọ̀. Ẹni tó yàgbẹ́ ò gbàgbé rárá. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ jáde, ó ń pe àpèjẹ lé e lórí.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ni ti ìlù. Agbẹjọ́rò kan wà tó ń jẹ́ Robert Bourgi, ìdílé Lebanon ni, Dakar ni wọ́n bí i sí. Ọ̀gbẹ́ni yìí jáde nínú ìwé ìròyìn kan ní Faransé lóṣù kẹsàn-án ọdún 2011, ó ní ọjọ́ pẹ́ tí òun ti ń gbé owó láti ọ̀dọ̀ àwọn ààrẹ ilẹ̀ Adúláwọ̀ lọ fún àwọn olóṣèlú Faransé. Ó dárúkọ Bongo, ó dárúkọ Wade, ó dárúkọ Compaoré, ó dárúkọ Gbagbo wa níbí. Ó ní fún ìbò tí Jacques Chirac dù ní 2002, inú ìlù djembé ni wọ́n kó ti Compaoré sí, tí wọ́n fi gbé e wọ ààfin Élysée. Chirac àti Dominique de Villepin tó bá a ṣiṣẹ́ ní irọ́ gbuu ni. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba wò ó, wọ́n pa fáìlì dé. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀? Rárá o. Ní 2024, Bourgi kọ odidi ìwé, ó sì fún un lórúkọ tó túmọ̀ sí pé wọ́n mọ̀ pé òun mọ gbogbo rẹ̀.

Èmi ò lè sọ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni mí, ọ̀rọ̀ ìlù yìí ò jẹ́ kí n sùn. Ìlù tí wọ́n kó owó kún inú rẹ̀, báwo ni yóò ṣe dún? Ká ní ọmọ Àyàn kan ṣoṣo wà lẹ́nu géètì Élysée lọ́jọ́ náà, tó ní ẹ gbé e wá kí n lù ú gbọ́ ná, àṣírí ì bá tú lójú ẹsẹ̀. Tí ìtàn yìí bá rí bó ṣe wí, á jẹ́ pé ìlù wọ ààfin, kò sẹ́ni tó béèrè pé onílù dà. Owó ta sì ni? Tí ó bá jẹ́ ti Abidjan níbí ni, á jẹ́ pé owó èmi tí mò ń san owó ọjà ní gbogbo àárọ̀ wà nínú rẹ̀. Mo ra ìlù, mi ò sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni yìí wá fẹ́ kí n ra ìwé tí wọ́n fi ròyìn ìlù.

Ti Ọbásanjọ́, ẹ jẹ́ ká kàn fọwọ́ bà á kọjá. Ìwé tirẹ̀ kò lóǹkà. My Command ní 1980, Not My Will ní 1990, My Watch ní 2014, èyí tó pín sí apá mẹ́ta nítorí pé ọ̀kan ò gbà á. Tó bá jẹ́ ogun ló ń sọ, òun ló ṣẹ́gun. Tó bá jẹ́ ìlú, òun ló tún un ṣe. Ọ̀gágun Godwin Alabi-Isama tí wọ́n jọ jagun ní láti kọ ìwé tirẹ̀ ní 2013 láti fi ta kò ó. Ti My Watch, adájọ́ kan ní Abuja ní kó má tẹ̀ ẹ́ jáde nítorí ẹjọ́ tó wà nílẹ̀, bàbá ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ l'Ékòó lóṣù Kejìlá, adájọ́ tún ní kí wọ́n lọ gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. Ìwé tí adájọ́ ní ká má kà, ta ni kò ní wá a rà?

Bàbá Bísí Àkàndé tó ṣe gómìnà wa l'Ọ́ṣun láti 1999 sí 2003 náà kọ tirẹ̀ lóṣù Kejìlá ọdún 2021. Ọ̀rọ̀ ilé kan ní Lekki wà níbẹ̀, ó ní Tinubu ló kọ́ ọ fún Olóyè Ayọ̀ Adébánjọ. Bàbá Adébánjọ ní irọ́ ni. Ẹni ọdún 82 àti ẹni ọdún 93 wọ̀yá ìjà lórí ilé, àwa ọmọ Ọ̀ṣun tó wà ní Niangon, tí a ń yá ilé gbé, à ń wò wọ́n láti òkèèrè.

Kì í ṣe tiwa nìkan ni, kí ẹ má baà rò pé mo kórìíra ará ilé. John Bolton bá Trump ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà. Ilé aṣòfin kékeré pè é ní 2019 kó wá jẹ́rìí lórí ọ̀rọ̀ Trump, kò lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ohun tí wọ́n ń bi í ti wà lórí pẹpẹ olùtàwé. Ó tiẹ̀ ní òun yóò wá sọ́dọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀ tí wọ́n bá pe òun, àwọn yẹn ò pè é. Oputa pe tiwa, tiwa ò lọ. Àwọn yẹn pe tiwọn, tiwọn ò lọ. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti Amẹ́ríkà yá ju tiwa.

N ò ní fi gbogbo wọn wé ara wọn ṣá. Olúṣẹ́gun Adéníyì ló ń gbẹnu sọ fún Ààrẹ Yar'Adua nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Saudi Arabia lóṣù kọkànlá ọdún 2009, tí gbogbo wa ń bi ara wa pé ṣé ó wà láyé ṣá. Wọ́n gbé e padà wálé lóru lóṣù kejì ọdún 2010, ó kú lóṣù karùn-ún. Ìwé Adéníyì lórí ọ̀rọ̀ náà jáde ní 2011. Tèmi ni pé ì bá ti dára ká mọ̀ nígbà tí ọkùnrin náà ṣì ń mí. Àmọ́ ẹni tó dúró ọdún kan sàn ju ẹni tó dúró 32 lọ, mo bu ọlá fún un.

Kí ni mo wá fẹ́? Kí wọ́n má kọ̀wé mọ́? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Abacha ò kọ ìwé kankan, kí ló dára níbẹ̀? Kí wọ́n máa kọ ọ́ nìṣó, ìbínú mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo ní ni pé kí ẹni tí ìgbìmọ̀ ìwádìí pè tí kò yọjú má gba kọ́bọ̀ lórí ìwé rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bá tò sórí ìlà ìdìbò ní 1993 gba tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì san owó bodè mọ́ ọn. Àti pé kí ojú ewé kan wà, ọ̀kan ṣoṣo, nínú gbogbo ojú ewé tí wọ́n ń tò jọ, tí wọ́n ti máa kọ ọ́ gbangba pé: èmi ni mo ṣe é, iye tí mo rí gbà níbẹ̀ nìyí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí àga lónìí, ní Abuja, ní Abidjan, ní Kùtọ̀nù, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń kọ nǹkan sílẹ̀ lálẹ́. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí tí àwọn tó kàn ṣì wà láyé. Àti ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé Bourgi yẹn lọ́wọ́, kó jọ̀ọ́ kó yá mi. Mi ò ní rà á.